Ìdí Tí Ikú Ẹni Tí A Kò Mọ̀ Rí Fi Ń Bà Wá Nínú Jẹ́

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn agbébọn fi ohun abúgbàmù ba ojú irin jẹ́ láti dá ọkọ̀ tó ń ti Àbújá bọ̀ ní Kàdúná dúró, wọ́n sì da ìbọn bo àwọn èrò inú rẹ̀. Ó kéré tán, ènìyàn 8 ló kú. Wọ́n sì jí àwọn tó lé ní 60 gbé lọ.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ dókítà eyín wà nínú ọkọ̀ náà. Ó kọ ọ́ sí ojú òpó Twitter pé ìbọn ti ba òun, ó sì bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n gbàdúrà fún òun. Kò yè é. Àwọn tí kò rí i rí, tí wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, sunkún rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ ìyá wọn ni.

Lẹ́yìn irú ẹkún bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ máa ń bi ara wọn léèrè pé: kí ló kàn mí níbẹ̀? Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní ìdáhùn sí ìbéèrè náà.

Ìrora ẹlòmíràn nínú ọpọlọ wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó bá ojú á bá imú. Ní ọdún 2004, Tania Singer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe àyẹ̀wò ọpọlọ àwọn obìnrin 16. Díẹ̀ nínú àwọn apá ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìrora bá dé bá obìnrin náà fúnra rẹ̀ tún ṣiṣẹ́ nígbà tó mọ̀ pé olólùfẹ́ òun ló ń jẹ̀rora. Ìwádìí wọn ti ọdún 2006 fi hàn pé èyí lè ṣẹlẹ̀ bí ẹni náà bá tilẹ̀ jẹ́ àjèjì.

Ẹnì kan àti ogunlọ́gọ̀

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo òkú ni à ń sunkún bákan náà. Nínú ìwádìí kan tí Deborah Small àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2007, wọ́n ní kí àwọn ènìyàn dá owó fún àwọn tí ebi ń pa ní Áfíríkà. Àwọn tó gbọ́ nípa Rokia nìkan, ọmọbìnrin ọdún 7 láti Mali, dá owó ju àwọn tó gbọ́ nípa àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn lọ. Nígbà tí wọ́n fi iye ogunlọ́gọ̀ náà kún ìtàn Rokia, owó náà dínkù.

Ìpínlẹ̀ Kàdúná rí irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2023, ọkọ̀ òfurufú aláìláwakọ̀ ti àwọn ọmọ ogun ṣèèṣì ju bọ́ǹbù lu àwọn tó ń ṣe ayẹyẹ Máólúdù ní abúlé Tudun Biri. Àwọn tó kú lé ní 80. Ọ̀pọ̀ tó ṣì ń rántí dókítà inú ọkọ̀ ojú irin ni kò lè dárúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. Ẹ̀mí tiwọn náà níye lórí. Orúkọ àti ojú wọn ni kò dé ọ̀dọ̀ wa.

Pàṣán orí àjà

Ìdí kẹta ni ìbẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ló ń wọ ọkọ̀ ojú irin náà nítorí àwọn ajínigbé ojú títì. Nígbà tí ọkọ̀ yìí náà di ibi ikú, ẹni tó ti jókòó nínú rẹ̀ rí mọ̀ pé pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lórí àjà fún ìyàwó. Ikú àjèjì tún lè tu egbò àtijọ́, kí ènìyàn wá sunkún òkú tirẹ̀ tí kò sun tán.

Nígbà wo ló yẹ kí a ṣọ́ra?

Ìbànújẹ́ yìí kì í ṣe àìsàn, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn àwòtúnwò lè pa ni lára. Lẹ́yìn ìkọlù bọ́ǹbù ìlú Boston ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ rí i pé ìdààmú ọkàn àwọn tó fi wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ tẹ̀lé ìròyìn rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ju ti àwọn tó wà níbẹ̀ gan-an lọ.

Nítorí náà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ kí ó pa tẹlifíṣọ̀n àti fóònù tì fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì bá ẹni tó fọkàn tán sọ̀rọ̀. Bí àìsùn, àìlèjẹun tàbí ìpayà bá kọjá ọ̀sẹ̀ 2, kí ó lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún ìlera ọpọlọ wà ní Barnawa ní Kàdúná, ní Yábàá ní Èkó, àti ní Arò ní Abẹ́òkúta.