Òkú Ìràwọ̀ Tó Wúwo Ju Òòrùn Lọ: Kí Ló Wà Nínú Rẹ̀?

Ẹni tí ó bá dúró sí ojúde Mọ́sálásí Àpapọ̀ ní Abuja lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, tí ó sì gbójú sókè, ìwọ̀nba ìràwọ̀ díẹ̀ ni yóò rí, nítorí pé iná ìlú ti bo ìyókù mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó wà ní abúlé nítòsí Gwagwalada tàbí Abaji yóò rí púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n irú ìràwọ̀ kan wà tí ó jẹ́ pé, àti ará ìlú àti ará oko, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán rí i. Òkú ìràwọ̀ ni. Láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dé èkejì, kò ju nǹkan bí 24 kìlómítà lọ. Ìrìn àjò láti Mọ́sálásí Àpapọ̀ náà dé pápá ọkọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú irú ìràwọ̀ yìí ni ó wúwo ju òòrùn lọ.

Ó ti lé ní 80 ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń bèèrè pé: kí ni ó wà nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe àwọn òyìnbó nìkan ni ó ń wá ìdáhùn rẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti fi ọwọ́ kàn án, iṣẹ́ wọn sì wà nínú ìwé ìwádìí tí gbogbo ayé ń kà. Ó dára kí àwa òbí ní òye díẹ̀ nípa rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn ọmọ wa yóò bi wá.

BÍ ÌRÀWỌ̀ ṢE Ń KÚ

Ìràwọ̀ dà bí ìkòkò tí ń hó lórí iná. Ooru inú rẹ̀ ni ó ń gbé ọmọrí sókè; bí igi bá jó tán, tí ooru sì lọ, ọmọrí á wálẹ̀. Ìwúwo ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ ni ọmọrí tí à ń wí. Ní gbogbo ìgbà ni ó ń tẹ ìràwọ̀ náà mọ́ra láti ìta wá sínú, ooru inú rẹ̀ sì ń tì í padà. Nígbà tí ohun tí ìràwọ̀ ń jó bá tán ní àárín rẹ̀, ìwúwo á borí.

Òòrùn tiwa kò tóbi tó ohun tí yóò kú irú ikú yìí. Àwọn ìràwọ̀ tí ó wúwo ju òòrùn lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí bẹ́ẹ̀. Àárín wọn á wó lulẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ara wọn tó kù á sì bú gbàmù, á fọ́n ká sí òfurufú. Ohun tí ó ṣẹ́kù ní àárín ni òkú ìràwọ̀ náà. Ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń tó ti òòrùn lọ́nà kan àti ààbọ̀, tàbí kí ó dín díẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ó wúwo ju gbogbo ilé ayé wa lọ ní ìlọ́po tó lé ní 400,000.

Ní oṣù keje ọdún 1054, àwọn ará Ṣáínà rí ìràwọ̀ kan tí ó tàn débi pé ojú rí i ní ọ̀sán gangan fún ọjọ́ 23. Oníṣègùn ará Bàgídáádì kan, Ibn Butlan, náà sọ nípa ìràwọ̀ titun kan tí ó yọ ní àkókò yẹn, Ibn Abi Usaybi'a sì pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ sínú ìwé ìtàn àwọn oníṣègùn tí ó kọ. Ní ọdún 1968, ní ibi kan náà tí àwọn ará Ṣáínà tọ́ka sí, wọ́n rí òkú ìràwọ̀ tí ìbúgbàmù náà fi sílẹ̀. Ó ń yí po ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ọdún kan ṣáájú èyí, ní 1967, ni Jocelyn Bell, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Cambridge nígbà náà, kọ́kọ́ gbọ́ irú ìràwọ̀ báyìí lórí ẹ̀rọ rédíò. Ó ń dún gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ láìyẹsẹ̀. Pulsar ni wọ́n sọ irú rẹ̀. Ní ọdún 1974, ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel lórí ìwádìí náà. Wọn kò fún un. Nígbà tí wọ́n wá fún un ní ẹ̀bùn mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là ní ọdún 2018, ó fi gbogbo owó náà sílẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ tí a kì í sábà fún láyè lè fi kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀

Gbogbo ohun tí a ń fọwọ́ kàn, òkúta ni o, omi ni o, ara ènìyàn ni o, átọ́ọ̀mù ni a fi ṣe é. Òfìfo ni ó sì pọ̀ jù nínú átọ́ọ̀mù. Bí a bá fi átọ́ọ̀mù kan wé pápá ìṣeré Moshood Abiola ní Abuja, kókó àárín rẹ̀ kò ní tó ẹyọ ẹ̀wà kan, bẹ́ẹ̀ sì ni inú kókó yẹn ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà. Nínú òkú ìràwọ̀, ìwúwo ti fún òfìfo náà jáde pátápátá. Ó ti ti electron wọ inú proton, wọ́n sì di neutron. James Chadwick ni ó ṣàwárí neutron ní 1932. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Baade àti Zwicky sọ pé ó ṣeé ṣe kí ìràwọ̀ kan wà tí ó jẹ́ kìkì neutron.

Bí a bá bu díẹ̀ nínú rẹ̀, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ ní òòró, ní ìbú àti ní gíga, ìwọ̀n rẹ̀ yóò tó nǹkan bí 400 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Kí ẹ fojú inú wo òkúta bí irú èyí tí Òkè Aso jẹ́. Bí a bá gé e ní igun mẹ́rin, tí òòró, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ 500 mítà kọ̀ọ̀kan, kò tíì ní wúwo tó bíńtín yẹn.

Èèpo ìràwọ̀ náà nípọn tó nǹkan bíi kìlómítà kan, ó sì le. Ní ìsàlẹ̀ èèpo yìí, àwọn onímọ̀ gbà pé kókó átọ́ọ̀mù kì í rí roboto mọ́. Ní apá kan wọ́n di kóṣókóṣó bí àkàrà kéékèèké; ní ìsàlẹ̀ sí i wọ́n gùn tín-ín-rín bíi sùpàgẹ́tì; lẹ́yìn náà wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ lérí ara wọn. Orúkọ oúnjẹ gan-an ni àwọn onímọ̀ fi ń pè é láti àwọn ọdún 1980, nítorí pé pasta ni wọ́n sọ ọ́. Ìṣirò tí wọ́n ṣe lórí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2018 fi hàn pé ó lè jẹ́ pé kò sí ohun tí ó le tó o ní gbogbo àgbáyé.

Ní abẹ́ èyí ni neutron ti di olómi. Kì í ṣe omi bí a ti mọ omi. Bí a bá ro omi nínú agbada, yóò yí po fún ìgbà díẹ̀, yóò sì dúró. Olómi inú ìràwọ̀ yìí kò ní ohunkóhun tí ń dá a dúró. Bí ó bá ti ń yí, yóò máa yí lọ ni.

Àárín gbùngbùn rẹ̀ ni àríyànjiyàn wà. Láti ọdún 1964 ni Gell-Mann àti Zweig ti sọ pé quark mẹ́ta-mẹ́ta ni ó para pọ̀ di proton tàbí neutron kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò tíì rí quark kan ṣoṣo tó dá dúró. Ṣùgbọ́n kí a ronú nípa iṣu sísè nínú odó. Kí ọmọ odó tó dé, ẹyọ kọ̀ọ̀kan dá dúró. Bí a bá gún un dáadáa, a kì í mọ ibi tí ẹyọ kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ ti di iyán. Àwọn kan gbà pé bẹ́ẹ̀ ni neutron ṣe ń rí ní àárín ìràwọ̀ tí ó wúwo jù lọ: ó di iyán quark. Edward Witten tilẹ̀ dá a lábàá ní ọdún 1984 pé irú iyán báyìí lè dúró ṣinṣin ju átọ́ọ̀mù tiwa lọ, débi pé ó ṣeé ṣe kí odindi ìràwọ̀ kan jẹ́ kìkì rẹ̀. A kò tíì rí ẹ̀rí rẹ̀.

BÁWO NI A ṢE LÈ MỌ̀?

Kò sí ẹni tí ó lè lọ síbẹ̀. Wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n wọ́n láti òkèèrè. Bí inú ìràwọ̀ bá rọ̀ jù, kò ní lè gbé ẹrù tó wúwo. Yóò wó, yóò sì di ihò dúdú tí ìmọ́lẹ̀ kò lè jáde nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí wọ́n bá rí ìràwọ̀ tó wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àwọn àbá kan á ṣubú. Èyí tí wọ́n ń pè ní PSR J0740+6620 wúwo tó òòrùn lọ́nà méjì àti díẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn tí ń lo MeerKAT, ẹ̀rọ alawo 64 tó wà ní South Africa, kéde ohun kan tí ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín òòrùn 2.09 sí 2.71. Bóyá ìràwọ̀ ni, bóyá ihò dúdú ni, wọn kò tíì lè sọ.

Ọ̀nà kejì ni ti ìkọlù. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2017, àwọn ẹ̀rọ tó wà ní Amẹ́ríkà àti Ítálì gbọ́ ìmìtìtì òfurufú nígbà tí òkú ìràwọ̀ méjì fi orí sọ ara wọn. Láti inú irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ gbà pé púpọ̀ nínú wúrà ayé ti wá. Yẹtí tí ó wà ní etí ìyàwó ilé lè ti inú òkú ìràwọ̀ jáde kí ilé ayé tó wà.

IṢẸ́ TÍ Ó TI NSUKKA JÁDE

Ọ̀nà kẹta ni ó kan àwọn ènìyàn wa. Pulsar kan wà tí wọ́n ń pè ní Vela, tí ìmọ́lẹ̀ gan-an yóò lo nǹkan bí 1,000 ọdún kí ó tó ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ń yí ní ìgbà 11 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni ó máa ń ta gìrì, tí eré rẹ̀ á lé sí i lójijì. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀.

Àlàyé tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé olómi inú ni ó ń fa ìtagìrì náà. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á rọra, ṣùgbọ́n àwọn èrò inú ọkọ̀ á ṣì máa lọ síwájú títí wọn yóò fi rọ́ lu ìjókòó iwájú. Èèpo ìràwọ̀ ni ọkọ̀, olómi inú rẹ̀ ni èrò. Ẹni tí ó bá ka iye ìgbà tí ìràwọ̀ ta gìrì, àti bí ìtagìrì náà ti tó, ó ń wo inú ìràwọ̀ náà láìwọ inú rẹ̀.

Johnson Urama àti Pius Okeke ti yunifásítì Nàìjíríà, Nsukka, tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 1999 lórí iye ìgbà tí àwọn pulsar tí kò tíì gbó ń ta gìrì bíi ti Vela. Ní ọdún 2010, Augustine Chukwude àti Urama tẹ òmíràn jáde lórí àwọn ìtagìrì kéékèèké. Hartebeesthoek ní South Africa ni ẹ̀rọ tí ó gba ìró tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà wà. Ọgbọ́n jẹ́ tiwa; awo tí ó gba ìró náà jẹ́ ti ẹlòmíràn.

AWO TÍ KÒ SÍ NÍLÉ

Abuja ni ibùjókòó NASRDA, àjọ tí Ìjọba Àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1999 fún ìwádìí òfurufú. Abẹ́ rẹ̀ sì ni ibùdó ẹ̀kọ́ ìràwọ̀ ti Nsukka wà. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, a gbé NigeriaSat-1 lọ sí òfurufú. Ilẹ̀ ni ó ń wò láti òkè nígbà náà, iṣẹ́ rere sì ni. Wíwo òkè láti ilẹ̀ ni ó ṣẹ́kù.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ghana. Ní Kuntunse nítòsí Accra, awo ńlá kan wà tí ó fẹ̀ tó 32 mítà, tí wọ́n fi ń bá òkè òkun sọ̀rọ̀ tẹlẹ̀ rí. Nígbà tí okùn abẹ́ òkun gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò jẹ́ kí ó di pàǹtí. Àwọn àti South Africa tún un ṣe, ní ọdún 2017 ó di ẹ̀rọ ìgbọ́hùn ìràwọ̀, pulsar sì wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ gbọ́. Ilẹ̀ Yorùbá náà ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀: Lánlátẹ̀, níbi tí ìpè orílẹ̀-èdè wa fi ń gba òfurufú lọ sí òkè òkun láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. NITEL tí ó ni ín kò sí mọ́. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi àwọn aṣojú wa ni pé, ohun tí Ghana ṣe ní Kuntunse, kí ni ó dí wa lọ́wọ́ láti ṣe irú rẹ̀?

Bí ẹnì kan bá ní kò sí oúnjẹ nínú èyí, kí ó rántí pé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Ọsirélíà tí ń wá ìró tó rẹlẹ̀ jù ní òfurufú wà lára àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ Wi-Fi lélẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ SÚRÀ KẸRÌNDÍNLÁÀÁDỌ́RÙN-ÚN

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbọ́ ọ nínú wáàsí pé pulsar ni Súrà At-Tọ́ríkì ń sọ, nítorí pé kíkan ilẹ̀kùn wà nínú ìtumọ̀ orúkọ súrà náà. Ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn olùtumọ̀ Al-Kùránì àtijọ́ kò fẹnu kò lórí rẹ̀: àwọn kan ní gbogbo ìràwọ̀ ni, àwọn kan ní ìràwọ̀ kan pàtó ni. Ohun tí àwọn onímọ̀ sì ń sọ nípa inú òkú ìràwọ̀ ń yí padà láti ọdún dé ọdún, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i lókè yìí. Ẹni tí ó bá so Tírà Ọlọ́hun mọ́ àbá tí ó lè ṣubú lọ́la, ìgbàgbọ́ ọmọ rẹ̀ ni ó ń fi wewu. Kí a wo ìṣẹ̀dá, kí a yin Ẹlẹ́dàá, kí a sì fi àríyànjiyàn quark sílẹ̀ fún òṣùwọ̀n.

Bí ọmọ, pàápàá ọmọbìnrin, bá sọ nínú ilé pé físíìsì ni òun fẹ́ kà, ẹ má ṣe fi òfin tàbí ìṣègùn pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ bèèrè ohun tí ó fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ó wà ní àárín òkú ìràwọ̀ ni yóò sọ, ìdáhùn rẹ̀ kò sì tíì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ayé.