“Mú kí” tàbí “gbà láyè”? Iṣẹ́ àwọn àǹsíìmù kálísíọ̀mù nínú ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ẹ̀lì iṣan-ìmọ̀lára

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí àwọn àǹsíìmù (ẹ́ńsáìmù ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè é) tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí kálísíọ̀mù ṣe ń kópa nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ ń di sẹ́ẹ̀lì iṣan-ìmọ̀lára. Ó kan onímọ̀ èdè, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe tí a bá yàn lè yí ohun tí a ń sọ padà. Mo ń lo *iṣan-ìmọ̀lára* nítorí pé *iṣan* nìkan lè tọ́ka sí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tàbí sí ẹran ara.

Kálísíọ̀mù tó wà níta sẹ́ẹ̀lì fi nǹkan bí ìlọ́po 10,000 ju ti inú rẹ̀ lọ. Bí ojú ihò kan bá ṣí lára awọ sẹ́ẹ̀lì, ńṣe ló ń wọlé. Prótéènì tó ń jẹ́ calmodulin á gba íọ́ọ̀nù 4, á sì lọ jí àwọn àǹsíìmù. CaMKII ń lẹ fọ́sífáàtì mọ́ prótéènì mìíràn. Calcineurin ń já a kúrò.

Nínú ọlẹ̀ àkèré *Xenopus laevis*, àwọn sẹ́ẹ̀lì òde lè di awọ ara tàbí iṣan-ìmọ̀lára. Àmì BMP ló ń darí wọn sí ọ̀nà awọ. Ní Toulouse, ẹgbẹ́ Marc Moreau àti Catherine Leclerc fi hàn pé kálísíọ̀mù ń wọ àwọn sẹ́ẹ̀lì ìhà ẹ̀yìn ní àsìkò yìí gan-an. Ní 2014, ẹgbẹ́ Isabella Graef ní Amẹ́ríkà fi hàn pé calcineurin ń já fọ́sífáàtì kúrò lára Smad1/5, ìránṣẹ́ BMP. Àṣẹ BMP kò sì ní lágbára mọ́.

Ṣé kálísíọ̀mù *mú kí* sẹ́ẹ̀lì di iṣan-ìmọ̀lára? Ní ti calcineurin, rárá: ìdènà ló mú kúrò. Faransé á ya *faire* sọ́tọ̀ kúrò lára *laisser*. *Jẹ́ kí* tiwa kò tó láti fi yà wọ́n, nítorí ó ń gbé ìtumọ̀ méjèèjì: “Jẹ́ kí ó lọ” jẹ́ ìyọ̀ǹda, ṣùgbọ́n “Kí ló jẹ́ kí o pẹ́?” ń bèèrè ohun tó fà á. *Gbà láyè* kò ní ìṣòro yìí. Nítorí náà: “Calcineurin mú ìdènà kúrò, ó sì gba sẹ́ẹ̀lì láyè láti di iṣan-ìmọ̀lára.”

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ *mú kí* nù. Ẹgbẹ́ Toulouse tún rí i pé kálísíọ̀mù ń ta jíìnì xPRMT1b jí, tí èyí náà sì ń ta zic3 jí, jíìnì kan lára àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ iṣan-ìmọ̀lára. Níbẹ̀, a lè sọ pé kálísíọ̀mù *mú kí* iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Kálísíọ̀mù kan náà ni, ọ̀nà méjì ló ń gbà ṣiṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi *jẹ́ kí* kan ṣoṣo túmọ̀ méjèèjì á ti pa ìyàtọ̀ tí ìmọ̀ náà dúró lé rẹ́. Ẹni tó bá ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kí ó to ọ̀rọ̀-ìṣe sí i pẹ̀lú ọ̀rọ̀-orúkọ.