Òṣùká inú ìbọn: Ṣé ó yẹ kí olùdíje fi bọ́fà sínú ìbọn ìléwọ́ rẹ̀?

Ẹni tó bá ti ru garawa omi láti odò dé ilé rí mọ iṣẹ́ òṣùká. Òṣùká kì í mú omi fúyẹ́. Bí garawa ṣe wúwo létí odò náà ló ṣe wúwo dé ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kò ní jẹ́ kí ìdí garawa bá àtàrí pàdé ní tààrà. Ṣùgbọ́n bí òṣùká bá tú lójú ọ̀nà ńkọ́? Ẹrù á yẹ̀, omi á dànù, ẹni tó fi orí lásán rù ú á sì ti dé ilé.

Àwọn ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n fi ń díje ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù náà ní òṣùká tiwọn. Bọ́fà ni wọ́n ń pè é. Wọ́ṣà rọ́bà líle kan ni, búlúù tàbí dúdú, tí kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà méjì àbọ̀ lọ, bí àtẹ̀lẹsẹ̀ sílípáàsì tó ti jẹ. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, kì í sì í pẹ́ kéèyàn tó fi sí i. Síbẹ̀, ó ti pẹ́ tí àwọn tó mọ eré náà dunjú ti ń fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn kan ní ó ń gba ìbọn sílẹ̀, àwọn kan ní ó ń kó bá ẹni tó ń lò ó. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìbọn bá dún?

Ìbọn tí àríyànjiyàn yìí kàn jù lọ ni 1911. John Moses Browning, ọmọ ìlú Ogden ní ìpínlẹ̀ Utah, ló ṣe é. Iléeṣẹ́ Colt ló rọ ọ́, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà sì gbà á wọlé ní oṣù kẹta ọdún 1911. Ọdún 1985 ni wọ́n tó fi ìbọn Beretta rọ́pò rẹ̀. Àwọn ológun jù ú sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn olùdíje kò jù ú sílẹ̀, nítorí pé apátí rẹ̀ rọrùn láti fà, ó sì jókòó dáadáa lọ́wọ́.

Irin méjì gbòógì ló wà lára rẹ̀. Irin ìsàlẹ̀ ni èyí tí ọwọ́ dì mú, òun náà ni àpò ọta ń wọ̀ sínú rẹ̀. Irin òkè ló gun èyí lẹ́yìn, ó ń sún lọ, ó ń sún bọ̀. Sípíríǹgì kan wà láàárín wọn, lábẹ́ ọ̀pá ìbọn. Bí èèyàn bá fa apátí, ẹ̀tù á gbiná, ọta á gba iwájú lọ, irin òkè á gba ẹ̀yìn. Yóò rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Lójú ọ̀nà yẹn ni yóò ti ju èèpo ọta tó ti yìn síta, tí yóò sì tẹ sípíríǹgì pọ̀. Ní òpin ìrìn náà, irin á gbá irin: kò! Sípíríǹgì á wá tì í padà síwájú, á gbé ọta tuntun láti inú àpò, ìbọn á sì tún wà ní sẹpẹ́. Gbogbo lílọ bíbọ̀ yìí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá.

Ibi tí irin ti ń sọ pé “kò” yẹn gan-an ni bọ́fà ń lọ jókòó sí.

Ṣé bọ́fà ń dín bí ìbọn ṣe ń tani nípàá kù?

Ọdẹ tó bá ti yin ṣakabùlà mọ̀ pé ohun tí ìbọn bá ṣe níwájú, ó ń ṣe é lẹ́yìn pẹ̀lú, èjìká ni yóò sì sọ ìtàn rẹ̀. Isaac Newton ti kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin láti ọdún 1687. Ọta .45 tí àwọn ológun lò nínú 1911 wúwo tó gíráàmù 15, ó sì ń sá eré nǹkan bíi mítà 250 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára ìrìn tí ọta gbé lọ síwájú, ìbọn ti gba irú rẹ̀ sẹ́yìn. Kò sí wọ́ṣà kankan láyé tó lè jẹ gbèsè yẹn run.

Ohun tí bọ́fà lè ṣe ni pé kí ó fa àkókò tí wọ́n fi san gbèsè náà gùn. Ẹ wo ẹni tó fò láti orí ògiri sórí kọnkéré, àti ẹni tó fò láti orí ògiri kan náà sórí òkìtì iyanrìn. Ibi kan náà ni wọ́n ti fò, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n sì wọ̀n. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kọnkéré dá ti àkọ́kọ́ dúró lójijì, iyanrìn sì rọra dá èkejì dúró. Bọ́fà ni iyanrìn. “Kò” á di “kù”. Àwọn kan máa ń sọ pé ọwọ́ àwọn gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn, àwọn mìíràn ní àwọn kò gbọ́ nǹkan kan.

Ohun kan wà tí kò gba àríyànjiyàn. Ọta ti jáde lẹ́nu ìbọn kí irin òkè tó rin ju mìlímítà mélòó kan lọ. Nígbà tí irin bá fi máa dé ọ̀dọ̀ bọ́fà, ọta ti dágbére. Nítorí náà, bọ́fà kò lè mú kí ọta tó ń lọ lọ́wọ́ bá ojú àmì. Bó bá máa ṣe oore kankan rárá, orí ọta tó tẹ̀ lé e ni, ìyẹn bí ẹnu ìbọn ṣe máa tètè padà sójú ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Kí wá ni wọ́n ń lò ó fún?

Ẹ̀yìn sípíríǹgì ni ìdáhùn wà. Sípíríǹgì tí 1911 .45 sábà máa ń bá wá láti iléeṣẹ́ jẹ́ ti ìwọ̀n páùn 16. Ó lágbára tó láti dín eré irin òkè kù kó tó dé òpin ìrìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì tó le a máa fi agbára ti irin padà síwájú, tí ẹnu ìbọn yóò fi tẹrí ba. Olùdíje kò fẹ́ èyí, ó fẹ́ kí ojú ìbọn padà sípò jẹ́jẹ́. Yóò wá yọ páùn 16, yóò fi 12 tàbí èyí tó tún fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ sí i.

Ìbọn á rọ̀ lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin òkè á máa bọ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú eré tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń yin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọta lọ́dún fi ń dánra wò á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù kí irin ìsàlẹ̀ má là. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe lásán bí irin ìsàlẹ̀ bá jẹ́ alumíníọ̀mù, nítorí pé alumíníọ̀mù kò lè fara da ìgbátí tó irin gidi.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi bọ́fà sáàárín irin méjèèjì. Ọ̀kan lára àwọn tó sọ bọ́fà di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni Bill Wilson ti ìlú Berryville ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ aago kó tó dá ilé iṣẹ́ ìbọn sílẹ̀ ní ọdún 1977. Shok-Buff ni ó ń pe tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ olùdíje.

Ibo ni wàhálà ti ń wọlé?

Ẹ rántí pé sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ni gbogbo ìrìn irin òkè. Bí bọ́fà bá gba mìlímítà méjì àbọ̀ níbẹ̀, ó ti gé ìdá kan nínú ogún kúrò. Ó jọ pé ó kéré, àmọ́ àjẹṣẹ́kù ìrìn ni ìbọn fi ń gbé ayé. Irin òkè gbọ́dọ̀ kọjá ẹ̀yìn ọta tó wà lórí nínú àpò, kí ó sì dúró pẹ́ díẹ̀ kí ọta yẹn tó gòkè. Bí ìrìn bá kúrú, àkókò náà á kúrú. Lára 1911 gígùn, ààyè ṣì wà. Lára àwọn kúkúrú, ààyè yẹn ti há tẹ́lẹ̀, bọ́fà kò sì ní ohun tó ń wá níbẹ̀.

Èkejì ni ìkọ́ tó máa ń di irin òkè mú sẹ́yìn nígbà tí ọta bá tán. Ọ̀pọ̀ ayìnbọn ti mọ́ ọn lára láti fi ìka méjì fa irin náà díẹ̀ sẹ́yìn kí wọ́n sì jù ú sílẹ̀, kí ìkọ́ lè já. Bí bọ́fà bá wà lẹ́yìn, kò sí ibi tí irin máa sún lọ mọ́. Èèyàn á fà á, á fà á, ìkọ́ ò ní já. Ó di dandan kó fi àtàǹpàkò tẹ ìkọ́ náà wálẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló burú jù: rọ́bà a máa jẹ. Irin ń gbá a, epo ń rin ín, ooru ń mú un. Bí ẹni tó ni ín bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Èérún búlúù á yọ́ wọ àárín sípíríǹgì, irin á sì há sójú ọ̀nà.

Èló ni híhá kan ń ná olùdíje?

Ìpàdé kan ní ìlú Columbia, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ní oṣù karùn-ún ọdún 1976 ló bí IPSC, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó eré yìí. Jeff Cooper ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìpéye, agbára àti ìyára ni àkọmọ̀nà àjọ náà. (Nílé ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ọdún 1959 fi ìbọn ìléwọ́ sí ara àwọn tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ Ààrẹ. Ní Bìrìtéènì, ìpakúpa Dunblane ọdún 1996 ló mú kí wọ́n fòfin de púpọ̀ jù lọ nínú wọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà ló ṣeé ṣe jù kí wọ́n bá eré yìí pàdé.)

Nítorí agbára tó wà nínú àkọmọ̀nà yẹn, olùdíje kò lè fi ọta tí ẹ̀tù rẹ̀ kéré jù sá fún ìtanípàá. Wọ́n á fi ìwọ̀n ọta ní gíréènì sọ eré rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà di púpọ̀, wọ́n á sì fi 1,000 pín in. Ọta gíréènì 200 tó ń sá ẹsẹ̀ bàtà 850 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ 170. Èyí tí kò bá tó 125 kò wọlé rárá.

Ìyára wá ni ibi tí bọ́fà ti lè di ọ̀tá. Wọ́n máa ń fi iye ìṣẹ́jú àáyá pín àmì tí èèyàn gbà. Ká ní ipele kan gba ọta 24, tí èyí tó bá bá àárín sì ń gba àmì 5. Àmì 120 ló wà nílẹ̀. Ẹni tó bá gbà á tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá 12 ní 10. Ká wá ní ìbọn rẹ̀ há lẹ́ẹ̀kan, tó sì fi ìṣẹ́jú àáyá 3 tú u: 120 tí a fi 15 pín jẹ́ 8. Èérún rọ́bà kan ti gba ìdá kan nínú márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe lè dá tó tó máa rí i gbà padà.

Àwọn ìbọn tí a bí òṣùká mọ́ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. USP tí Heckler & Koch ti Jámánì gbé jáde ní 1993 ní sípíríǹgì kejì tó ń gba ìgbátí. Buck Mark, ìbọn .22 ti iléeṣẹ́ Browning, ní bọ́fà oníke láti iléeṣẹ́. Ẹni tó ya àwòrán àwọn ìbọn yìí ti ṣírò bọ́fà mọ́ ìrìn irin kó tó rọ wọ́n. John Browning kò ṣírò rẹ̀ mọ́ 1911. Nínú ìdánwò àwọn ológun ní 1911, wọ́n ròyìn pé ìbọn rẹ̀ yin ọta 6,000 láìhá, láìsí rọ́bà kankan nínú rẹ̀.

Kí wá ni kí olùdíje ṣe?

Sípíríǹgì ni kó kọ́kọ́ wò. Kó rí i pé ó bá ọta tó ń yìn mu, kó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọta bíi 2,000 sí 3,000. Bó bá fẹ́ bọ́fà, kó fi í sí i fún ìdánrawò, níbi tí ọta ti ń pọ̀ tí híhá kò sì ná an ní nǹkan kan, kó sì yọ ọ́ nígbà tí ìdíje bá ku ọjọ́ mélòó kan kí ọwọ́ lè tún mọ ìbọn rẹ̀. Ẹni tí irin ìsàlẹ̀ tirẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù lè fi í sílẹ̀, bó bá ń pààrọ̀ rẹ̀ déédéé.

Kó sì máa tú ìbọn wò. Yóò yọ àpò ọta, yóò wo inú ọ̀pá bóyá ọta kù síbẹ̀, nítorí ìbọn ní apátí, kò lápátí, ta ni jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú ìbọn kọ òun? Lẹ́yìn náà ni yóò mú wọ́ṣà kékeré yẹn sábẹ́ iná. Bí ojú rẹ̀ bá ṣì tẹ́jú lẹ́yìn ọta ọgọ́rùn-ún mélòó kan, kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí irin bá ti tẹ àpá jíjìn sí i lára, tí etí rẹ̀ ti ń ya, kó má ṣe sáré lọ ra bọ́fà mìíràn. Sípíríǹgì rẹ̀ ló ti rẹ̀, tí rọ́bà sì ń jẹ́rìí sí i.