Ṣé o mọ̀? Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, àti yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé kí Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ tó gba orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, yunifásítì mìíràn ti kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yẹn? Ní 1982 ni ìjọba Olóyè Adékúnlé Ajásin, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀ tó jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, dá a sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Ìjọba ológun ló sọ ọ́ di Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nígbà tí Èkìtì di ìpínlẹ̀ ní 1996, Adó bọ́ sọ́wọ́ Èkìtì, Oǹdó sì ní láti wá ibùdó mìíràn. Akùngbá-Àkókó, tí kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀, ni wọ́n gbé tiwọn lọ ní 1999. Orúkọ Ajásin ló ń jẹ́ lónìí.

Olùkọ́ ni bàbá yìí kó tó di gómìnà. Láti 1947 sí 1962 ló fi jẹ́ ọ̀gá àgbà Imade College l'Ọ̀wọ̀. Ní 1963 ó dá Owo High School sílẹ̀. Òun náà ló kọ àbá ètò ẹ̀kọ́ fún ẹgbẹ́ Action Group, èyí tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 ti jáde. Lójú tèmi, kò sí ohun tó kọ tó ju àbá yẹn lọ. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n rí tipasẹ̀ rẹ̀ mọ̀wé. Ó kú ní 1997, kí ìwé ìtàn ayé rẹ̀, Ajasin: Memoirs and Memories, tó jáde.

Yàtọ̀ sí ti Akùngbá tó ń jẹ́ orúkọ Ajásin, Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀ ní yunifásítì aládàáni, Achievers, láti 2007.