Orí Tuntun Lórí Ẹsẹ̀ Àtijọ́

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Òwe yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kí ènìyàn ṣáà ti ra pátákó tí ó gbé ọpọlọ tuntun, kí ó kì í bọ inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ rẹ̀, ìyára ti dé nìyẹn. Àwa kò sọ pé irọ́ ni. Ohun tí a ń sọ ni pé ìdajì òtítọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi Amiga 1200 ṣe àpẹẹrẹ. Ilé-iṣẹ́ Commodore ni ó gbé e jáde ní ọdún 1992, tí wọ́n ń tà á ní £399 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọpọlọ rẹ̀ ń sáré ní mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 14, ìrántí rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́gábáìtì 2. Ìlẹ̀kùn kékeré kan wà ní abẹ́ rẹ̀ tí a ń gbà fi pátákó kún un. Láìpẹ́, àwọn oníṣòwò ń ta pátákó tí ọpọlọ rẹ̀, 68030, ń sáré ní mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 50.

Ẹni tí ó bá fi 14 pín 50 yóò rò pé iṣẹ́ yóò yá ní ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrántí tí ó bá ẹ̀rọ náà wá kì í ṣe ti ọpọlọ nìkan. Àwọn ẹ̀yà tí ń ya àwòrán tí wọ́n sì ń gbé ohùn jáde ń lò ó pẹ̀lú. Bí àwọn yìí bá ń fà á lọ́wọ́, ọpọlọ ní láti dúró, bí ẹni méjì tí ń fi korobá kan ṣoṣo pọnmi. Bí kò bá sí ìrántí lórí pátákó tuntun náà, dídúró ni ọpọlọ tuntun yóò máa dúró. Bí ó bá wà, iṣẹ́ ìṣirò lè yá ju ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ. Kódà, bí a bá fi ìrántí àdáni nìkan kún un, láìpààrọ̀ ọpọlọ rárá, ìyára ẹ̀rọ náà a fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Ní ọdún 1967, Gene Amdahl, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, là á yé gbogbo ènìyàn pé apá iṣẹ́ tí a kò mú yára ni yóò pààlà fún èrè wa. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ ọ́ sí ojú pátákó: iṣẹ́ kan gba ìṣẹ́jú 10, ọpọlọ lo 6, díìsìkì lo 4. Bí ọpọlọ bá yára ní ìlọ́po mẹ́wàá, 6 yóò di ìṣẹ́jú àáyá 36, ṣùgbọ́n 4 ti díìsìkì kò yẹ̀. Gbogbo rẹ̀ di ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 36. Ìlọ́po mẹ́wàá tí a sanwó fún di ìlọ́po méjì àti díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí ẹ̀rọ. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, bí a bá yan olórí tí ó mọ iṣẹ́, tí a sì fi í sí àárín akọ̀wé tí kò tètè dáhùn àti ọ̀nà tí kò ṣeé gbà, kí ni yóò ti yá sí?

Ìmọ̀ràn wa fún ilé-ẹ̀kọ́ àti baálé ilé tí ó ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni èyí: kí a tó náwó, kí a kọ́kọ́ wádìí ibi tí iṣẹ́ ti ń falẹ̀. Ó lè jẹ́ ọpọlọ, ó lè jẹ́ ìrántí, ó lè jẹ́ díìsìkì. Ibi tí ẹrù ti wúwo ni kí a ti gbà á.