Orísun Ìtàn Ìdílé ní Agbègbè Yewa

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣe àlàyé lórí ibi tí a ti lè rí ìtàn ìdílé ní Yewa, agbègbè tí à ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di 1995.

Orísun kìn-ín-ní ni ìwé. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì a máa kọ orúkọ ẹni tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún àti ti òbí rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé yìí kò mẹ́nu ba oníṣẹ̀ṣe, wọn kì í sì í sábà fi àmì ohùn sí i. Bí a bá rí ‘Ola’, ṣé Ọlá ni tàbí Ọlà? Ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n nítorí ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pa ní 1889, Àjàṣẹ́ ni a ó ti wá ti àwọn ẹbí tó bọ́ sí òdì kejì.

Orísun kejì ni ẹnu àgbà. Oríkì orílẹ̀ ń tọ́ka sí ibi tí ìran ti ṣẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sọ ọdún. Ní Kétu, Baba Ẹlẹ́gùn ni í ka orúkọ àwọn Alákétu. Ní 1975, A. I. Asiwaju fi hàn pé orin ẹ̀fẹ̀ pàápàá jẹ́ orísun ìtàn.

Nítorí náà, ó yẹ kí a fi ẹnu àgbà wé ìwé. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa gba oríkì ilé bàbá àti ilé ìyá wọn sílẹ̀ lásìkò ìsinmi, pẹ̀lú àmì ohùn. Bí àgbà tó mọ̀ ọ́n bá kú, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì kò lè kì wá.