Àpótí Kan, Iṣẹ́ Mẹ́rin: Èdè-Ìperí fún Ìsopọ̀ Íntánẹ́ẹ̀tì Inú Ilé

1. Ìfáàrà

Láti ìgbà tí ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ti jáde ní 1984 ni àwa olùkọ́ ti ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá láìyá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò. Àwọn ẹ̀rọ inú ilé náà ń fẹ́ irú àbójútó bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni láti ṣe àgbéyẹ̀wò àwọn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn nílò nígbà tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ tí ó fi owó ara rẹ̀ rà rọ́pò èyí tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún un lò. Àbá wa ni pé iṣẹ́ ni ó yẹ kí a sọ lórúkọ, kì í ṣe àpótí tí a kó iṣẹ́ náà sí.

2. Ohun tí ó fa àròkọ yìí

Ní 2021, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ń gbé ní London ra ráútà tuntun, nítorí pé agbára ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ fún un kò dé yàrá òkè. Ìbàdàn ni èmi wà, tí mo ń darí rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Mo ní, ‘Ẹ yọ ti àtijọ́ kúrò, kí ẹ sì fi tuntun sí ipò rẹ̀.’ Ó ki wáyà tẹlifóònù bọ ihò kan lára ẹ̀rọ tuntun náà, ṣùgbọ́n iná ìsopọ̀ kò tàn. Ráútà ni lóòótọ́, kò sí módẹ́ẹ̀mù nínú rẹ̀. Ó dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó gba òmíràn tí ó ní méjèèjì. Iná tàn. Inú wa dùn, ó sì fi ẹ̀rọ àtijọ́ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tí ó ni ín.

Àṣé a kò tíì débẹ̀. Mo ní kí ó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà síbẹ̀. Ó tẹ èyí tí a lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ náà, wọn kò gbà á. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà náà ni ó wí pé, ‘Ìwọ Dókítà yìí, ọ̀rọ̀ aṣínà mẹ́ta ni ó wà níwájú mi. Èwo nínú wọn ni o ń bèèrè?’ N kò ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo lè fi dá a lóhùn. Ọjọ́ méjì ni ilé náà fi wà láìní íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ rẹ̀ sì lọ ṣe ìdánwò rẹ̀ ní ilé ọ̀rẹ́. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi, kì í sì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fún un ni kò tó iṣẹ́ í ṣe.

3. Iṣẹ́ mẹ́rin inú àpótí kan

Bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé iṣẹ́ mẹ́rin ni irú àpótí bẹ́ẹ̀ ń ṣe.

(i) Ògbufọ̀. Orúkọ módẹ́ẹ̀mù ṣẹ̀ láti inú iṣẹ́ méjì: gbígbé àmì lé orí ìgbì tí ń gba inú wáyà kọjá, àti sísọ àmì náà kalẹ̀ ní òpin ìrìn àjò. Ó ń sọ èdè kọ̀ǹpútà di èdè wáyà, ó sì ń dá a padà. Iṣẹ́ ògbufọ̀ gan-an nìyí.

(ii) Atọ́nà. Ráútà ń wo àdírẹ́sì tí ó wà lára ìdì ìsọfúnni kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tọ́ ọ sí ọ̀nà ibi tí ó ń lọ.

(iii) Oníbodè. Àpapọ̀ àdírẹ́sì IPv4 kò ju 4,294,967,296 lọ, kò sì tó gbogbo ẹ̀rọ ayé pín. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń lo àdírẹ́sì ìta kan ṣoṣo, tí àwọn ẹ̀rọ inú ilé sì ń lo àdírẹ́sì abẹ́lé, irú èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, tí ìwé RFC 1918 yà sọ́tọ̀ ní 1996. Oníbodè ń kọ orúkọ ẹni tí ó jáde sílẹ̀, kí ó lè mọ ẹni tí èsì wà fún. Àlejò tí ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pè, ẹnu ibodè ni yóò ti padà.

(iv) Agbámìsáfẹ́fẹ́. Èyí ni ẹ̀ka tí ń fi Wi-Fi ránṣẹ́ láìlo wáyà.

Mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí a fẹ ìtumọ̀ wọn lójú. Ẹ̀kẹrin ni a ṣẹ̀dá nípa lílo àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀: a- + gbé + àmì + sí + afẹ́fẹ́, ní ìbámu pẹ̀lú agbóhùnsáfẹ́fẹ́ tí gbogbo wa mọ̀.

4. Ẹni kẹta wo?

Bí a bá fún orúkọ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹ̀rọ tí kò ti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ wá ní ìtumọ̀ olówuuru, ‘ẹ̀rọ ẹni kẹta’ ni a ó rí. Ta ni ẹni kìn-ín-ní? Ta ni ẹni kejì? Ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ra nǹkan sí ilé ara rẹ̀ kì í ṣe ẹni kẹta níbẹ̀. A dábàá ẹ̀rọ àdárà (à- + dá + rà), kí ẹ̀rọ àfúnlò sì jẹ́ ti ilé iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀tọ́ pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, ìdájọ́ Carterfone ti 1968 ni ó fún oníbàárà láyè láti so ẹ̀rọ tirẹ̀ mọ́ wáyà tẹlifóònù. Ní Jámánì, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ 2016 ni òfin ti fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti yan ẹ̀rọ ìsopọ̀ tí ó wù ú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ìtọ́sọ́nà kà ní èdè tí ó yé e yóò ṣòro fún láti lo irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀.

5. Ọ̀rọ̀ aṣínà mẹ́ta

Kọ́kọ́rọ́ kan kì í ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn. A dábàá pé kí a ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ báyìí:

(i) Ọ̀rọ̀ oníbàárà ni èyí tí ẹ̀rọ fi ń jẹ́rìí fún ilé iṣẹ́ pé oníbàárà wọn ni ó ń pè. Ilé iṣẹ́ nìkan ni ó lè fúnni.

(ii) Ọ̀rọ̀ onílé ni èyí tí a fi ń wọ inú ètò ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ láti tún un tò.

(iii) Ọ̀rọ̀ ará ilé ni èyí tí a ń fún ẹni tí ó bá fẹ́ lo Wi-Fi.

Ọ̀rọ̀ ará ilé ni ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ sí ibi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ oníbàárà wà. Nígbà tí ó bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, tí wọ́n sì fún un, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí íntánẹ́ẹ̀tì fi dé.

6. Ìlò àwọn ọ̀rọ̀ náà

Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n kọ ìtọ́sọ́nà fún ilé tí ó wà lórí wáyà bàbà Openreach ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí oníbàárà ra ẹ̀rọ àdárà tí ògbufọ̀ rẹ̀ gbọ́ èdè VDSL2, ìlànà tí ó jáde ní 2006. Bí a bá ń lo tẹlifóònù lórí wáyà kan náà, kí ó fi asẹ́ sí i, nítorí pé ìsàlẹ̀ 4 kHz ni ohùn ènìyàn ń gbà, òkè rẹ̀ sì ni ìsọfúnni ń gbà. Kí ó fi ọ̀rọ̀ onílé wọlé, kí ó yan PPPoE àti VLAN 101 bí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bá ń lò wọ́n, kí ó sì tẹ ọ̀rọ̀ oníbàárà. Lẹ́yìn náà, kí ó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ onílé tí ó bá ẹ̀rọ wá, kí ó sì fi WPA2 tàbí WPA3 dáàbò bo ọ̀rọ̀ ará ilé.

Bí ó bá fẹ́ kí àfúnlò wà níbẹ̀, kí ó fi àdárà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìṣòro kan lè yọjú. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó wà lẹ́yìn àfúnlò lè pòórá mọ́ kọ̀ǹpútà tí ó wà lẹ́yìn àdárà lójú. Oníbodè méjì ni ó wà lójú ọ̀nà kan. Ojútùú rẹ̀ ni kí a fi àfúnlò sí ipò ògbufọ̀-nìkan, bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. A kò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun kankan fún ìṣòro yìí tàbí fún ojútùú rẹ̀. Inú àwọn ti ìṣáájú ni méjèèjì ti wá.

7. Ìgúnlẹ̀

Níbi tí okùn iná ti rọ́pò wáyà bàbà, ìmọ́lẹ̀ ni ògbufọ̀ ń túmọ̀. Ní Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń lo ẹ̀rọ oní-SIM, ìgbì rédíò ni. Àpótí yí padà, iṣẹ́ kò yí padà, orúkọ náà kò sì di àtijọ́. Àbá ni gbogbo èyí. Kí àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè fi wọ́n darí ẹnì kan lórí tẹlifóònù, ẹni tí kò rí ojú wọn tí wọn kò sì rí ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò bá jẹ́ kí ó ṣi wáyà fà, kí a mú un. Èyí tí ó bá ṣì í lọ́nà, kí a jọ wá òmíràn.